Ṣé ara ọ̀bọ ló le ju tiwa lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Àbúrò mi ọkùnrin ní HIV, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Ẹnì kan wá sọ fún wa pé ọ̀dọ̀ ọ̀bọ ni fáírọ́ọ̀sì yìí ti wá, pé kì í pa ọ̀bọ torí pé ara ọ̀bọ le, àti pé tí àbúrò mi bá ń mu àgbo kan tó ń fún ara lágbára, tirẹ̀ náà á rí bẹ́ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni ara ọ̀bọ ń ṣe gan-an tí tiwa kò lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ẹ sì kú ìtọ́jú àbúrò yín. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí owó tó jáde lápò.

Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ mọ ìdajì ìtàn náà. Ọ̀dọ̀ ọ̀bọ ni fáírọ́ọ̀sì yìí ti wá lóòótọ́. Àwọn ọ̀bọ kan sì wà tí wọ́n ń gbé e kiri lára títí wọ́n fi ń darúgbó, tí wọn kì í ṣàìsàn. Ìdí tó sọ pé ó fà á ni kò bá òótọ́ mu. Nínú ohun gbogbo tí àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí ti rí lára àwọn ọ̀bọ wọ̀nyẹn, kì í ṣe agbára tó ju tiwa lọ ló ń gbà wọ́n. Ohun tó ń gbà wọ́n jù ni pé wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí ìjà parí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya àwọn ọ̀bọ náà sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Orúkọ fáírọ́ọ̀sì tiwọn ni SIV. Irú ọ̀bọ tó lé ní 40 ni wọ́n ti rí i lára wọn ní Áfíríkà. Àwọn ọ̀bọ inú igbó Éṣíà kò ní in rárá. Ó sì ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ ṣàyẹ̀wò àwọn ọ̀bọ erékùṣù Bioko tó wà lójú òkun nítòsí Cameroon, níbi tí omi ti gé àwọn ẹranko ibẹ̀ kúrò lára àwọn ìbátan wọn tó wà lórí ilẹ̀ láti nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n fi SIV ti apá méjèèjì wéra, wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n sì rí i pé fáírọ́ọ̀sì náà kò lè kéré sí 32,000 ọdún. Ẹranko àti fáírọ́ọ̀sì tó ti bára wọn gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ á ti mọ ìwà ara wọn.

Ọ̀bọ tí a mọ ìtàn rẹ̀ jù ni mangabey aláwọ̀ eérú, tó ń gbé inú igbó láti Senegal dé Côte d'Ivoire. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni HIV-2, ọ̀kan nínú irú HIV méjì tó wà, ti wá, èyí tó wọ́pọ̀ ní Guinea-Bissau àti agbègbè rẹ̀. HIV-1 tó tàn ká ayé, tó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló wà lára àbúrò yín, wá láti ọ̀dọ̀ ìnàkí tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee, ní gúúsù ìlà-oòrùn Cameroon. Ìnàkí yìí fúnra rẹ̀ kì í sì í bọ́ lọ́wọ́ SIV tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2009 láti igbó Gombe ní Tanzania fi hàn pé ewu ikú àwọn ìnàkí tó ní SIV tó ìlọ́po 10 sí 16 ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò ní in. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé SIV kì í pa ọ̀bọ àti ìnàkí ti da ẹran mọ́ eegun.

Ọ̀bọ kẹta tí mo máa dárúkọ ni rhesus, ará Éṣíà. Àwọn baba ńlá rẹ̀ kò bá SIV pàdé rí. Inú ọgbà ìwádìí ní Amẹ́ríkà ni fáírọ́ọ̀sì ti kúrò lára mangabey bọ́ sára tirẹ̀, ọdún 1985 sì ni wọ́n tó mọ ohun tó ń pa á. Tí rhesus bá kó o, tí kò rí ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ wọn kì í ju ọdún kan sí mẹ́ta lọ kí àìsàn tó dá wọn dùbúlẹ̀. Irú fáírọ́ọ̀sì kan náà ló ń gbé lára mangabey tí kò ṣe é ní nǹkan kan, tó sì ń pa rhesus bí AIDS ṣe ń pa èèyàn. Ẹ̀bùn ńlá ni èyí jẹ́ fún àwa onímọ̀, torí a lè fi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ká wo ibi tí ọ̀nà wọn ti pín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara rhesus, torí òun ló jọ wá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ogun yìí ti ń jà. Inú ìfun ni. Sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì yìí ń wá ni CD4, ọ̀kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara, pàápàá àwọn tó ní ilẹ̀kùn kan lára tí a ń pè ní CCR5, ara ògiri ìfun ni wọ́n sì pọ̀ sí jù. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn CD4 inú ìfun rhesus ti lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà lápá rẹ̀ nígbà yẹn lè má tíì fi bí ìparun náà ṣe tó hàn.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì tí iye fáírọ́ọ̀sì bá ga jù, àwọn sẹ́ẹ̀lì CD8 á dé. Àwọn ni ọdẹ ara. Fáírọ́ọ̀sì tó ń rìn gbéregbère nínú ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń lé. Sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti sọ di ilé ni wọ́n ń pa. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ilé tí olè wà? Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa ló máa ń mú díẹ̀díẹ̀ nínú ohun tó ń ṣe nínú ilé wá síta, á pàtẹ rẹ̀. HLA ni orúkọ àtẹ náà lára èèyàn. Lára rhesus, Mamu ni. Tí ọdẹ bá ń kọjá tó rí ẹ̀yà ara fáírọ́ọ̀sì lórí àtẹ, ó parí fún sẹ́ẹ̀lì yẹn.

Ẹ̀rí pé CD8 ló ń ṣe iṣẹ́ yìí dé lọ́dún 1999, ó sì rọrùn láti lóye. Wọ́n fún àwọn rhesus tó ní SIV ní antibody, ìyẹn èròjà ìdáàbòbò tó máa ń lẹ̀ mọ́ ohun kan pàtó, irú èyí tó ń gbá CD8 kúrò nínú ara. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, fáírọ́ọ̀sì fò sókè. Nígbà tí CD8 padà dé, fáírọ́ọ̀sì tún rẹlẹ̀.

Àwọn rhesus kan tilẹ̀ wà tí CD8 wọn ń tẹ fáírọ́ọ̀sì náà rì débi pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí i. Púpọ̀ nínú wọn ló ní àtẹ kan tí a ń pè ní Mamu-B*08 tàbí Mamu-B*17. Àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ wà pẹ̀lú, wọn kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ní HIV, HLA-B*57 àti B*27 sì wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ohun tí àtẹ wọn fi dára ni pé ó ń pàtẹ ibi tí fáírọ́ọ̀sì kò lè yí padà láìṣe ara rẹ̀ léṣe. Ó dà bí kí ọdẹ fi ilà ojú mọ olè: olè lè pààrọ̀ aṣọ, ó lè pààrọ̀ fìlà, kò lè bó awọ ojú. Síbẹ̀, àtẹ yìí kì í ṣe ẹ̀rí ìyè. Ọ̀pọ̀ ló ní B*57 tí àìsàn náà ṣì ń bá jà. Àbímọ́ sì ni. Kò sí ohun tí èèyàn lè jẹ tàbí mu tó máa sọ ọ́ di ẹni tó ní in.

Fún àwọn yòókù, ìyẹn èyí tó pọ̀ jù nínú èèyàn àti rhesus, CD8 máa ń jà títí tó fi máa ń rẹ̀ ẹ́. Fáírọ́ọ̀sì ń pa aṣọ dà lójoojúmọ́, ọdẹ náà sì ń gbó. Fáírọ́ọ̀sì tún ní ibi ìsásí kan: inú àwọn kókó abẹ́ apá, ọrùn àti ìtan, èyí tí a ń pè ní lymph node, iyàrá kékeré kan wà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe antibody ti ń kọ́ṣẹ́, CD8 kì í sì í ráyè wọ ibẹ̀ dáadáa. Lọ́dún 2015, wọ́n wo inú kókó àwọn rhesus tó ń tẹ fáírọ́ọ̀sì rì, wọ́n sì rí i pé inú iyàrá yẹn ló sá pa mọ́ sí, tó ń bí sí i.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ nìyẹn, ọ̀nà ogun. Ó ṣeé ṣe, ó sì ṣọ̀wọ́n.

Ó wá ku mangabey. Ẹni tó bá gbọ́ pé SIV kì í pa á lè rò pé fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á kéré. Kò kéré o. Láti 100,000 dé mílíọ̀nù 10 nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan ni wọ́n ń bá lára rẹ̀, iye tó máa mú dókítà ta gìrì tó bá jẹ́ ti èèyàn. Wọ́n wo CD8 rẹ̀: kò le ju ti rhesus lọ. Wọ́n wo antibody rẹ̀: kò sí ìyanu níbẹ̀. Wọ́n wo bí sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì wọ̀ ṣe ń yára kú sí: bákan náà ni nínú méjèèjì. Kódà CD4 inú ìfun mangabey náà máa ń ṣègbé ní ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti rhesus. Ohun gbogbo tí a rò pé ó ń pani wà lára rẹ̀, kò sì kú.

Ohun tó yàtọ̀ ni ariwo. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá wọ ara, ara máa ń lu agogo: èròjà kan tí a ń pè ní interferon á jáde, ọgọ́rọ̀ọ̀rún jíìnì á sì jí sí iṣẹ́. Nínú mangabey àti ọ̀bọ aláwọ̀ ewé ti Áfíríkà, òun náà ọ̀bọ tó ń gbé SIV tirẹ̀ kiri láìṣàìsàn, agogo yìí máa ń dún gan-an ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kò rẹlẹ̀ sí ti rhesus rárá. Tó bá ti di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á dá a dúró. Fáírọ́ọ̀sì ṣì wà nílé, wọ́n á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ oòjọ́ wọn. Lára rhesus àti èèyàn, agogo náà kì í dákẹ́ mọ́. Tọ̀sán-tòru, lọ́dọọdún.

Ẹ wo ohun tí ariwo tí kò dákẹ́ ń ṣe. Ó ń pe àwọn CD4 tuntun jáde láti wá jagun, CD4 tuntun sì ni oúnjẹ fáírọ́ọ̀sì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ wọ̀ á máa kú nítorí làálàá. Àwọn yìí sì pọ̀ ju àwọn tí fáírọ́ọ̀sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa lọ. Àwọn kókó abẹ́ apá á máa ní àpá nínú títí wọn kò fi ní lè tọ́ sẹ́ẹ̀lì mọ́. Ògiri ìfun á máa jò, ìdọ̀tí ara bakitéríà inú ìfun á sì máa yọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí ìdọ̀tí yẹn bá ti dé inú ẹ̀jẹ̀, ó di agogo mìíràn, gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ìjà ò dọlà, orúkọ ní ń sọni. Ara wa gba orúkọ jagunjagun, ilé ló fi dí i.

Ìfun mangabey kì í jò. Irú CD4 kan tó ń tún ògiri ìfun ṣe, Th17, kì í pòórá lára rẹ̀ bó ṣe ń pòórá lára rhesus. Lọ́dún 2018 tí wọ́n tẹ ìwé gbogbo jíìnì mangabey jáde, wọ́n rí nǹkan kan tó dùn mọ́ mi gan-an: jíìnì TLR4 rẹ̀, ìyẹn etí tí ara fi ń gbọ́ ìdọ̀tí bakitéríà, yàtọ̀ sí tiwa, kì í sì í tètè fara ya. Kódà tí ìfun bá jò díẹ̀, etí rẹ̀ di díẹ̀.

Àwọn ọgbọ́n mìíràn wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀bọ Áfíríkà yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Mangabey dín ilẹ̀kùn CCR5 kù lára àwọn CD4 rẹ̀, àgàgà lára àwọn tó dà bí irúgbìn tí àwọn yòókù ń hù láti ara wọn. Fáírọ́ọ̀sì ń jẹ ewé, kò dé ìdí igi. Ọ̀bọ aláwọ̀ ewé ní tirẹ̀ máa ń bọ́ àmì CD4 kúrò lára sẹ́ẹ̀lì bí sẹ́ẹ̀lì náà bá ti dàgbà, sẹ́ẹ̀lì á sì máa báṣẹ́ lọ láìní àmì tí fáírọ́ọ̀sì fi ń dá a mọ̀. Ẹgbẹ́ oníwádìí kan ní ilé ìwádìí Pasteur ní Paris fi hàn lọ́dún 2017 pé irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn, NK, máa ń wọ iyàrá ìsásí inú kókó ọ̀bọ yìí, ibi tí CD8 tiwa kì í dé, tí á sì gbá fáírọ́ọ̀sì kúrò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ NK kúrò, fáírọ́ọ̀sì kún inú kókó náà. Mangabey olórí pupa, tó wà nínú igbó gúúsù Nàìjíríà tiwa títí dé Gabon, ṣe tirẹ̀ tán pátápátá: ọ̀pọ̀ wọn kò ní ilẹ̀kùn CCR5 tó ń ṣiṣẹ́ mọ́ rárá. Kí ni SIV tirẹ̀ ṣe? Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, CCR2b. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èyí.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ àgbo yín. Tó bá jẹ́ pé agbára ló ń gba ọ̀bọ sílẹ̀, kí wọ́n fún un ní agbára sí i, kó sì dára sí i. Wọ́n ti dán an wò. Lọ́dún 2008, wọ́n mú àwọn ọ̀bọ aláwọ̀ ewé tó ní SIV tí ara wọn dá ṣáṣá, wọ́n fún wọn ní èròjà ara bakitéríà láti mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìdáàbòbò wọn jí. Wọ́n jí lóòótọ́. Fáírọ́ọ̀sì wọn pọ̀ sí i, CD4 wọn sì dín kù. Ohun tí kò ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́n.

Wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò lára èèyàn náà. Interleukin-2 jẹ́ èròjà tó ń mú kí CD4 pọ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní ESPRIT, èèyàn tó lé ní 4,000 ló kópa. Wọ́n fún apá kan ní oògùn HIV nìkan, wọ́n fún apá kejì ní oògùn HIV pẹ̀lú interleukin-2. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2009, CD4 àwọn tó gba interleukin-2 ti lọ sókè dáadáa, ó dùn ún wò lórí ìwé. Àìsàn àti ikú wọn kò fi ẹyọ kan dín ju ti àwọn yòókù lọ. Nígbàkigbà tí mo bá rí ìpolówó ohun tó ń "gbé CD4 sókè", ìwádìí yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Kí ẹ má sì wá rò pé ká kúkú pa agogo náà látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2014, wọ́n dí interferon lọ́nà lára àwọn rhesus ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí SIV wọlé. Àìsàn yára pa wọ́n. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní interferon ṣáájú: ó kọ́kọ́ dáàbò bò wọ́n, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń fún wọn nìṣó, ara wọn kò kà á sí mọ́, wọ́n sì ṣe burúkú ju àwọn tí wọn kò fún lọ. Àkókò ni gbogbo rẹ̀. Mangabey ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún láti kọ́ àkókò náà. HIV-1 kò tíì lò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lọ pẹ̀lú àwa.

Oògùn tí àbúrò yín ń lò ló ń ṣe ohun tó sún mọ́ ti mangabey jù nínú ohun tó wà lọ́wọ́ wa, bó tilẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ó ń mú fáírọ́ọ̀sì rẹlẹ̀ débi pé agogo kò rí ohun tó máa dún fún, ariwo á sì rọlẹ̀. Kì í rọlẹ̀ tán, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n dá a dúró: nínú ìwádìí SMART ti ọdún 2006, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa dá oògùn dúró nígbà tí CD4 wọn bá ga, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ tó bá lọ sílẹ̀, ṣàìsàn tàbí kú ju ìlọ́po méjì àwọn tí kò dá a dúró. Kódà àrùn ọkàn, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ pọ̀ sí i lára wọn, àwọn àrùn tí a kò rò pé ó bá HIV tan.

N kò mọ ohun tó wà nínú àgbo náà, ẹni tó ń tà á náà lè má sọ gbogbo rẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà pé ó ń fún ara lágbára máa ń ní irin, calcium tàbí magnesium nínú. Tó bá jẹ́ pé dolutegravir wà nínú oògùn àbúrò yín, bó ṣe wà nínú èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà báyìí, àwọn èròjà wọ̀nyẹn máa ń so mọ́ ọn nínú ikùn, tí kò ní jẹ́ kó wọ ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ lo irin tàbí calcium lórí ikùn òfìfo gbọ́dọ̀ gbé dolutegravir mì ní wákàtí 2 ṣáájú rẹ̀ tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó mú ìgò tàbí páálí ohunkóhun tó bá ń lò dání lọ sí kíníìkì, kó gbé e ka iwájú oníṣègùn olóògùn, kó má tijú.

Ẹ tún bi í léèrè ìgbà tó ti ṣe àyẹ̀wò iye fáírọ́ọ̀sì kẹ́yìn. Kì í ṣe CD4 o, iye fáírọ́ọ̀sì ni mò ń wí. Tí wọn kò bá rí i mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó sì ń lo oògùn rẹ̀ nìṣó, kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni nípa ìbálòpọ̀.

Tí ẹni tó sọ̀rọ̀ ọ̀bọ bá sì tún wá sílé yín, ẹ fún un ní àga, kí ẹ wá bi í pé ọ̀bọ wo ló ń wí.